Ọkọ̀ Ogun Tòkunbọ̀: Ta Ni Yóò Máa Tún Un Ṣe?

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà fa ọkọ̀ ogun 24 lé iléeṣẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà lọ́wọ́ ní ìlú Èkó. Wọ́n ní iye owó gbogbo rẹ̀ tó mílíọ̀nù 11 dọ́là. Irú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní MRAP ni: ọkọ̀ gìrìwò onírin tí wọ́n ṣe ìdí rẹ̀ lọ́nà tí àdó olóró abẹ́ ilẹ̀ kò fi ní tètè pa àwọn tó jókòó sínú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ogun Iraq àti ti Afghanistan ló mú kí Amẹ́ríkà ṣe irú wọn ní rẹpẹtẹ, nígbà tí ogun méjèèjì sì rọlẹ̀, wọ́n di ẹrù tó pọ̀ jù nílẹ̀. Bí a bá fi èdè ọjà sọ ọ́, tòkunbọ̀ ni wọ́n.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀ tí kò tíì tán: ṣé ó tọ́ kí iléeṣẹ́ ọmọ ogun máa gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, yálà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú? Àwọn kan gbà pé ẹni tí iná ń jó kì í bèèrè ọdún tí wọ́n gbẹ́ kànga. Àwọn mìíràn gbà pé orílẹ̀-èdè tó tó Nàìjíríà kò gbọdọ̀ máa ṣa èérún ogun ẹlòmíràn jẹ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ní ìdí. Ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀ Yorùbá fi hàn pé ìbéèrè kan wà tó ṣáájú méjèèjì, òun náà sì ni pé: lẹ́yìn tí ohun ìjà bá ti dé, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?

Ẹdẹ, ìlú tí ewu ojú ọ̀nà dá sílẹ̀

Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jẹ́ ìlú tó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ewu ojú ọ̀nà ló bí i. Àwọn ọmọ ogun láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń dá àwọn oníṣòwò àti èrò ọjà lọ́nà, wọ́n sì ń kó èèyàn lọ. Ìró dé etí Aláàfin Ọ̀yọ́, ó sì rán akọni ọdẹ kan, Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, pé kí ó lọ tẹ̀dó sí agbègbè náà kí ó máa ṣọ́ ọ̀nà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921, fi ọ̀rọ̀ náà sí ayé Aláàfin Kọ́rì. Àwọn mìíràn fi í sí ayé Ṣàǹgó, bí Dúró Ládiípọ̀ ti ṣe nínú eré Ọba Kò So. Èyí ó wù kó jẹ́, ibùdó àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà ni Ẹdẹ jẹ́ kí ó tó di ìlú ńlá.

Ọfà tí ń gbé iná ni ohun ìjà Tìmì. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn débi tí ẹ̀rù fi ba Aláàfin fúnra rẹ̀, Gbọ̀nkáà ni wọ́n rán sí i. Ohun tí ìtàn ń tẹnu mọ́ nípa Gbọ̀nkáà ni pé ọfà Tìmì kò rí i gbé ṣe. Láti ayé ìgbà náà ni ìdíje ti wà láàárín ohun tí ń pani àti ohun tí ń dáàbò boni. Lóde òní, àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ló dúró fún ọfà iná, ọkọ̀ onírin ló sì dúró fún ààbò Gbọ̀nkáà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ wúwo púpọ̀: Gbọ̀nkáà ló ni oògùn rẹ̀, òun ló sì mọ ewé àti egbò tó wà nínú rẹ̀. Bí agbára rẹ̀ bá dín kù, kò ní láti kọ lẹ́tà sí òkè òkun kí ó tó tún un ṣe.

Ẹṣin Ọ̀yọ́ àti àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀

Kí ìbọn tó gbilẹ̀, ẹṣin ni ọkọ̀ ogun Ọ̀yọ́. Agbára ẹlẹ́ṣin ni ìjọba náà fi nàró, tí àwọn ará Dahomey pàápàá fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í ṣe ohun tí ilẹ̀ náà ń pèsè fúnra rẹ̀. Láti apá òkè, lọ́wọ́ àwọn ará àríwá, ni wọ́n ti ń rà á, nítorí pé eṣinṣin tsetse máa ń fi àrùn pa ẹṣin bí ó bá ti ń sún mọ́ igbó. Èyí túmọ̀ sí pé rírà kò lópin. Ẹṣin tó kú lónìí, ọjà àríwá ni wọ́n ti ń wá àrọ́pò rẹ̀ lọ́la.

Ohun kejì tún wà. Lára àwọn tó mọ ìtọ́jú ẹṣin jù lọ ni àwọn ẹrú tó wá láti ilẹ̀ Haúsá, ọwọ́ wọn sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà wà. Ní nǹkan bí ọdún 1817, nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ń bá Aláàfin ṣọ̀tá ní Ìlọrin, ọ̀pọ̀ irú àwọn ẹrú bẹ́ẹ̀ sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn, wọ́n lọ bá a. Ẹṣin ṣì wà ní Ọ̀yọ́ o. Àwọn tó mọ ohun tí ẹṣin ń jẹ, tó mọ àrùn tí ń ṣe é, tó mọ bí wọ́n ti ń tún ìjánu rẹ̀ ṣe, ni kò sí nílé mọ́. Àfọ̀njá náà kò jèrè rẹ̀ pẹ́, nítorí àwọn tó gbójú lé náà ló padà yí sí i, tí wọ́n sì pa á ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Ìjọba tí kò mọ ìtọ́jú ohun ìjà rẹ̀ ti fi ẹ̀mí rẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin dé Òṣogbo, ìlú tí kò jìnnà sí Ẹdẹ. Ìgbẹ́kẹ̀lé wọn ni ẹlẹ́ṣin. Ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn níbẹ̀, láti ìgbà náà ni ẹlẹ́ṣin Ìlọrin kò sì ti fi bẹ́ẹ̀ lè yọ gúúsù lẹ́nu mọ́. Àwọn òpìtàn ka igbó mọ́ ara ohun tó dá wọn dúró. Ẹṣin tí ń sáré bí ẹ̀fúùfù ní pápá kò rí ibi sá sí láàárín igi. Ẹ̀kọ́ yìí náà wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ogun: ilẹ̀ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe ohun ìjà lè yàtọ̀ pátápátá sí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ.

Ìbọn àlòkù ní ojú ogun Kírìjì

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ohun ìjà tí aláwọ̀ funfun ti ń pa tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ilẹ̀ yìí, kí ó wo ogun Kírìjì. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká ní ibùdó wọn tán títí di ọdún 1893. Ìbàdàn, lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, wà ní apá kan, Èkìtìparapọ̀, tí Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà ṣe olórí ogun fún, sì wà ní apá kejì. Ẹdẹ wà lábẹ́ agbára Ìbàdàn ní àsìkò náà, ojú ogun ní agbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé kò sì jìnnà sí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìbọn ṣakabùlà ni tọ̀túntòsì ń lò, èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu. Kí ọmọ ogun kan tó ki i tán, ọ̀tá lè ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣòwò ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí. Snider wà lára wọn. Ọdún 1866 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Snider fún lílò, ní ọdún 1871 ni wọ́n sì ti yan Martini-Henry láti rọ́pò rẹ̀. Èyí fi hàn pé ìbọn tó ń da jìnnìjìnnì bo àwọn ará Ìbàdàn ní Kírìjì, ìbọn tí àwọn tó ṣe é ti ń fi sílẹ̀ ni. Síbẹ̀, ó yí ojú ogun padà. Ìbàdàn tí apá kò ká tẹ́lẹ̀ kò lè borí mọ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú èyí ni pé ohun ìjà kò ní láti jẹ́ tuntun kí ó tó gbani là. Ẹ̀kọ́ kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Bí ṣakabùlà bá bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ abúlé lè tún un ṣe; bí ọta bá tán, wọ́n lè fi irin rọ òmíràn. Ọta Snider kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀nà Èkó nìkan ló sì ń gbà wọlé. Èkìtìparapọ̀ ní ọ̀nà Oǹdó tó lọ sí ọ̀sà Èkó, wọ́n sì ní ọmọ ìyá ní Èkó tí ń rà á fún wọn, tí ń fi ránṣẹ́. Nígbà tí Ìbàdàn náà ń wá irú ìbọn yìí, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá ni wọ́n gbọ́dọ̀ là kọjá, àwọn wọ̀nyí kò sì fẹ́ràn wọn. Ẹni tó ni ọ̀nà ọta ló ni ìbọn.

Bí ọkọ̀ MRAP ṣe dé ilé ayé

Ọkọ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ronú kàn án. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń jà fún òmìnira ní Rhodesia, tó ti di Zimbabwe lónìí, ń ri àdó olóró mọ́ àwọn ọ̀nà eléruku. Ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó bí lẹ́tà V, bí ìdí ọkọ̀ ojú omi. South Africa tẹ̀ lé wọn, wọ́n ṣe Buffel àti Casspir. Àwọn ará Soweto kò jẹ́ gbàgbé Casspir, nítorí òun ni ọlọ́pàá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń gbé wọ àdúgbò wọn. Irin kan náà tó ń dáàbò bo ẹnì kan lè jẹ́ ẹ̀rù fún ẹlòmíràn.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Bí àdó bá bú lábẹ́ ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo agbára rẹ̀ ni yóò gbá ọkọ̀ náà sókè, yóò sì ya wọ inú rẹ̀. Bí ìdí ọkọ̀ bá ṣe ṣóńṣó, agbára náà yóò pín sí ọ̀tún àti òsì. Wọ́n tún gbé ara ọkọ̀ náà ga kúrò nílẹ̀, nítorí bí àdó ṣe jìnnà sí èèyàn tó ni ipá rẹ̀ ṣe ń dín kù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìjókòó tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri tàbí àjà, kí ẹsẹ̀ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni tó jókòó má baà gba ìgbájú náà. Táyà lè fò lọ, ẹ́ńjìnnì lè fọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn inú rẹ̀ sábà máa ń fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde.

Amẹ́ríkà kò kà á sí títí tí ogun Iraq fi kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ní ọdún 2007, Robert Gates, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò wọn, sọ ọ́ di ohun àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ ológun gbọ́dọ̀ rà. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ra èyí tó lé ní 20,000, owó tó bá a lọ sì lé ní bílíọ̀nù 40 dọ́là. Nígbà tí ogun ń parí, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò kó wọn sí. Ní ọdún 2013, ìròyìn jáde pé wọ́n fẹ́ gé bíi 2,000 wẹ́lẹwẹ̀lẹ ní Afghanistan, kí wọ́n tà á bí irin àlòkù, nítorí owó àtigbé e padà sílé pọ̀ jù. Wọ́n fún àwọn ọlọ́pàá ìlú wọn ní díẹ̀. Uzbekistan gba 308 ní ọdún 2015, Egypt gba 762 láti ọdún 2016. Nàìjíríà gba 24.

Ìdí tí Nàìjíríà fi nílò rẹ̀

Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Borno ní ọdún 2014 tí yóò fi ẹ̀bùn náà ṣe yẹ̀yẹ́. Boko Haram ń gba ìlú lé ìlú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ló ń lọ sójú ogun nínú ọkọ̀ Hilux tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí táyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tẹ àdó mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ ológun dá ẹjọ́ ikú fún ọmọ ogun 54 nítorí pé wọ́n kọ̀ láti lọ gba Delwa padà. Wọ́n ní wọn kò fún àwọn ní ohun ìjà tó tó. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yí ìdájọ́ náà padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Àwọn ọmọ ogun náà ní ìyá àti bàbá ní ìlú tó dà bí Ẹdẹ, Ọ̀yọ́, Zaria àti Nsukka.

Ìjọba wá ohun ìjà kiri. Ní ọdún 2014 kan náà, Amẹ́ríkà dí Israel lọ́wọ́ láti ta bàálù hẹlikọ́pítà Cobra àlòkù fún Nàìjíríà, wọ́n ní ọ̀nà tí ọmọ ogun Nàìjíríà ń gbà bá aráàlú lò kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébọ̀wálé Adéfúyè, òpìtàn tó jẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ̀rọ̀ síta pẹ̀lú ìbínú pé Amẹ́ríkà kò ran orílẹ̀-èdè òun lọ́wọ́ bó ti yẹ. Nígbà tí ìjọba yí padà ní ọdún 2015, ìbáṣepọ̀ náà dán mọ́rán díẹ̀, ọkọ̀ 24 náà sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ́ ọ̀nà ọta tún rèé: ẹni tó ń tani lọ́rẹ lónìí lè ti ilẹ̀kùn lọ́la.

Ẹni tó bá wo iye náà dáadáa yóò rí i pé àǹfààní wà níbẹ̀. Mílíọ̀nù 11 dọ́là fún ọkọ̀ 24 jẹ́ nǹkan bí 458,000 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá tẹ àdó, tí èèyàn mẹ́fà sì jáde láàyè, ta ni yóò sọ fún ìyá wọn pé àlòkù ni ọkọ̀ náà, kò yẹ kí wọ́n gbà á? Ohun tí àwọn tó fara mọ́ ọn ń sọ nìyẹn, kò sì rọrùn láti dá wọn lóhùn. Wọ́n tún ní ìdí mìíràn: ọkọ̀ tuntun máa ń gba oṣù tàbí ọdún kó tó dé, ogun kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun tí kò sí nínú iye owó

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣo ni. Rẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ibi tí ṣòkòtò yìí ti ń ṣo pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìwúwo. Ọ̀pọ̀ MRAP lé ní tọ́ọ̀nù 12, àwọn mìíràn sì lé ní 20. Orí wọn wúwo, wọ́n sì ga. Ní Iraq àti Afghanistan, púpọ̀ nínú wọn gbókìtì nígbà tí etí ọ̀nà bá ya lábẹ́ wọn, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan sì kú sómi ní Afghanistan ní ọdún 2008 nígbà tí ọkọ̀ wọn takìtì sínú rẹ̀. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ rí i pé ó tóbi jù fún ọ̀nà orí òkè Afghanistan, ó sì tún ra irú mìíràn tó kéré sí i ní ọdún 2009. Ní Borno, iyanrìn wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní ìtòsí adágún Chad sì ni ilẹ̀ amọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní firki, èyí tó máa ń le bí àpáta nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ó sì máa ń di ẹrẹ̀ gbígbòòrò bí òjò bá rọ̀. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 20 tó bá rì síbẹ̀ ti di ìbojì tó ń dúró de olówó rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí rí nínú igbó Òṣogbo.

Ìkejì ni ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ẹni tó bá ra mọ́tò tòkunbọ̀ ní Èkó tàbí ní Ẹdẹ mọ̀ pé rírà ni apá kékeré nínú ìnáwó náà. Toyota àlòkù gbayì nítorí pé kò sí ìlú tí mẹkáníìkì rẹ̀ kò sí, kò sì sí ọjà páàtì tí èèyàn kò ti ní rí àáyá ìdí rẹ̀ rà. MRAP kò ní irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí Amẹ́ríkà fi ń fúnni ní irú ẹrù báyìí ni pé bí wọ́n bá ṣe bá a ni wọ́n ṣe ń fúnni. Ẹni tó gbà á ni yóò sábà san owó àtúnṣe àti ti gbígbé. Bí iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú ọkọ̀ náà bá ti dáwọ́ dúró, ọ̀nà tó máa ń kù ni pé kí wọ́n tú ọkọ̀ kan kí wọ́n fi tún ìkejì ṣe. Ní ọdún kẹta, ọkọ̀ 24 lè ti di 12 láìsí pé ọ̀tá yìnbọn kan.

Ìkẹta ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà. Nàìjíríà ń lo ọkọ̀ ogun láti Amẹ́ríkà, China, Turkey, South Africa àti ibòmíràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sípánà tirẹ̀, òróró tirẹ̀, ìwé àlàyé tirẹ̀. Bí ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe bá gbọ́dọ̀ mọ irú mẹ́wàá, kò ní mọ ọ̀kankan dójú àmì.

Ìkẹrin ló burú jù. Ọkọ̀ tó bá kú sójú ọ̀nà tí kò sí ọkọ̀ ńlá tí yóò wọ́ ọ padà, ọ̀tá ló ń jogún rẹ̀. Àwọn agbésùnmọ̀mí ti gba ọkọ̀ ọmọ ogun lọ rí, wọ́n sì ti fi í jà. Lára ohun tí Uzbekistan gbà pẹ̀lú 308 yẹn ni ọkọ̀ 20 tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wọ́ ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ lọ. Ẹni tó ṣètò bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Nígbà tí Boko Haram kọlu ibùdó ọmọ ogun ní Metele ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, fídíò kan tí àwọn ọmọ ogun ya fúnra wọn tàn ká orí ẹ̀rọ ayélujára. Ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí níbẹ̀ ni ọkọ̀ àti ohun ìjà tó ti gbó tí kò ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àtúnṣe ọkọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìkan. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni.

Ara tí ń sán nílé

Ọ̀nà kan tún wà tó yẹ kí ó tẹ̀ lé àlòkù. Ní Kaduna, iléeṣẹ́ ìjọba DICON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964 láti máa ṣe ohun ìjà, ti bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ogun ṣe ọkọ̀ MRAP kan tí wọ́n fi orúkọ ọ̀gágun Ezugwu pè. Ní Òde-Rẹ́mọ, ìpínlẹ̀ Ògùn, iléeṣẹ́ aládàáni Proforce ṣe tirẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ara, orúkọ ohun tí Ṣàǹgó ń sán láti ojú ọ̀run. Kò sí ẹni tó ní láti gbà pé ọkọ̀ wọ̀nyí ti tó ti Amẹ́ríkà ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì àti àwọn ẹ̀yà pàtàkì kan kì í ti ilẹ̀ yìí wá. Àmọ́ ọwọ́ tó jó irin wọn, ilẹ̀ yìí ló wà. Bí irin bá ya, ẹni tó jó o wà nítòsí.

Èyí ló mú Ẹdẹ padà wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ìlú tí Tìmì fi ọfà dáàbò bò ni ọ̀kan nínú ẹ̀ka àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà wà lónìí, ẹ̀ka tó ń kọ́ ọ̀nà, ilé àti afárá. Nínú iṣẹ́ ogun, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ń wá àdó kúrò lójú ọ̀nà kí àwọn yòókù tó kọjá. Ìlú kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ìjọba àpapọ̀ wà láti ọdún 1992, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí ìjọba bá fẹ́ kí àwọn tó ń tún ọkọ̀ ogun ṣe pọ̀, irú ìlú báyìí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. Owó díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ná lórí ọkọ̀, bí wọ́n bá fi kọ́ jórinjórin àti mẹkáníìkì, yóò pẹ́ ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Ìdáhùn tí ìtàn fún wa

Ṣé kí iléeṣẹ́ ọmọ ogun gba MRAP àlòkù? Bí ìtàn Kírìjì bá jẹ́ òótọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó kọ ìbọn Snider nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi sílẹ̀, ìbọn Snider ni ì bá pa á. Kí ọmọ ogun máa gun Hilux lọ sójú ọ̀nà tí wọ́n ti ri àdó mọ́lẹ̀ nítorí ìgbéraga orílẹ̀-èdè kò bójú mu.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbà á bí àgbà ti ń gba ẹrù, kí wọ́n yẹ ìdí rẹ̀ wò. Kí ẹ̀yà ara ọkọ̀ fún ọdún púpọ̀ wà nínú àdéhùn, kí ọkọ̀ tí yóò máa wọ́ wọn sì bá wọn dé lọ́jọ́ kan náà. Kí àwọn tí yóò tún wọn ṣe ti kẹ́kọ̀ọ́ kí ọkọ̀ tó dé èbúté. Kí irú rẹ̀ má ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Kí wọ́n dán an wò lórí iyanrìn àti lórí firki kí wọ́n tó kó èèyàn sínú rẹ̀. Kí àwọn aṣòfin sì máa bèèrè lọ́dọọdún pé mélòó nínú wọn ló ṣì ń rìn, nítorí pé ìbéèrè tó rọrùn yìí ló ń fi hàn bóyá ohun ìjà ni orílẹ̀-èdè ní àbí àkójọ irin. Bí ẹni tó ń fúnni kò bá gba èyí, a jẹ́ pé ẹrù tó pọ̀ jù nílẹ̀ rẹ̀ ló ń wá ibi dà sí.

Ìgbà tí àlòkù bá sì rà fún wa, kí wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò máa ṣe tuntun. Ọ̀yọ́ ní ẹṣin fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò kọ́ ọmọ rẹ̀ tó ní ìtọ́jú ẹṣin, ọjọ́ tí àwọn olùtọ́jú lọ sì ni agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ó ti lé ní 200 ọdún tí ìtàn ti sọ ti èyí fún wa.